Epo Wo Ló Wà Nínú Táńkà Yẹn?

Nígbà ìsinmi tó kọjá, mo wà nílé ní Ìwó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, màmá mi ní kí n lọ ra àkàrà wá lójú títì, kò jìnnà sí ọjà Odò Orí. Ibi tí Ìyá Alákàrà máa ń jókòó sí, táńkà gbọọrọ kan ti dúró níbẹ̀. Ọ̀kan nínú rọ́bà ẹ̀yìn rẹ̀ ti bẹ́, mọ́tòbọ́ì sì wà lábẹ́ ọkọ̀, ó ń fi jáàkì gbé e. Láti ìdí táńkà yẹn dé ìdí ààrò Ìyá Alákàrà kò lè ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Igi ń jó, epo ń hó nínú agbada, àwa oníbàárà sì tò yí i ká.

Mo kí mọ́tòbọ́ì náà, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ rù?"

Ó ní, "Epo ni."

Ìyá Alákàrà gbọ́, ló bá pariwo láti ìdí agbada pé, "Ẹ bá mi bu gálọ́ọ̀nù kan nínú ẹ̀ o jàre, tèmi ti ń tán lọ!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo gbé àkàrà délé ni ẹ̀rín ọ̀hún kúrò lẹ́nu mi, torí mo rí i pé ọmọkùnrin yẹn kò tíì dá mi lóhùn rárá. Mo ń kọ́ nípa kẹ́mísírì ní yunifásítì, ọdún kẹta mi rèé, ó sì yẹ kí n ti béèrè ìbéèrè kejì: epo wo?

Lédè wa, epo pupa lepo, bẹntiróòlù lepo, dísù lepo, kẹrosíìnì náà la ń pè ní epo òyìnbó. Nínú ilé, kò sí wàhálà níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń gbọ́ ti mọ èyí tí wọ́n ń wí. Lójú títì, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Bẹntiróòlù máa ń tú oru tó lè gbiná jáde kódà bó bá tutù ju yìnyín lọ, ní nǹkan bí 40 sísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Dísù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àfi tó bá gbóná kọjá 50 kó tó tú irú oru bẹ́ẹ̀. Oru bẹntiróòlù tún wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Kì í gòkè bí èéfín igi. Ilẹ̀ ló máa ń wọ́ lọ bí ejò, á gba inú gọ́tà, á máa wá iná kiri. Nítorí náà, bó bá jẹ́ bẹntiróòlù ló wà nínú táńkà àárọ̀ ọjọ́ yẹn, tó sì ń jò díẹ̀díẹ̀ níbi tí mọ́tòbọ́ì ti ń fi irin lu irin, ààrò Ìyá Alákàrà ni ìṣáná. Bó bá jẹ́ dísù, a ṣì ráyè rìn kúrò. Bó bá sì jẹ́ epo pupa, a jẹ́ pé Ìyá Alákàrà ló gbọ́n jù nínú gbogbo wa.

Ẹ má sọ pé kí ló dé tí mi ò ka ohun tí wọ́n kọ sára ọkọ̀. Mo kà á. Wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ HIGHLY INFLAMMABLE gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kọ NO SMOKING sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ "Má bẹ̀rù, Olúwa ń bẹ" sára bọ́ńpà. (Ó dá mi lójú pé ti ara bọ́ńpà yìí ni èèyàn púpọ̀ jù lọ máa ń kà.) Àbúrò bàbá mi kan wà tó ka ìwé mẹ́wàá parí. Mo bi í léèrè ohun tí inflammable túmọ̀ sí. Ó ní ohun tí kì í gbiná ni, ṣebí incorrect ni ohun tí kò tọ̀nà, incomplete sì ni ohun tí kò pé. Ẹ ò rí i pé kò jẹ̀bi? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ̀bi. Àwọn tó ń ṣòfin ẹrù eléwu lágbàáyé náà ti rí i pé ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣi èèyàn lọ́nà, flammable ni wọ́n ń lò báyìí. Àwa la ṣì gbé inflammable kọ́rùn.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ rèé. Òfin tó bá fẹ́ dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ẹrù eléwu ní láti mú nǹkan méjì dání: ìwé tó fi hàn pé awakọ̀ mọ ohun tó gbé, àti pátákó tó ń sọ fún àwa tí a wà lẹ́bàá ọ̀nà pé ohun báyìí ló gbé. Lọ́dọ̀ wa, bí táńkà bá ti ṣubú, ohun kẹta tí kò sí nínú òfin kankan la máa ń fi bọ ẹnu: a ó máa bú àwọn tó lọ gbọ́n epo.

Ẹ jẹ́ ká rántí Majiya. Lálẹ́ ọjọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, táńkà kan ṣubú nílùú Majiya ní ìpínlẹ̀ Jigawa. Bẹntiróòlù ń dà sínú gọ́tà, àwọn ará àdúgbò sáré jáde láti gbọ́n ọn. Iná sọ. Àwọn tó bá a lọ lé ní 150. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ 18, oṣù Kìíní, ọdún 2025, táńkà mìíràn tó gbé 60,000 lítà ṣubú ní oríta Dikko nítòsí Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger. Wọ́n ń fi jẹnẹrétọ̀ fa epo inú rẹ̀ sínú ọkọ̀ mìíràn nígbà tí iná sọ. Àwọn tó kú níbẹ̀ lé ní 80.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí mo kà nígbà náà kò ju "ojúkòkòrò ló pa wọ́n" lọ. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ rántí pé lítà bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà kí wọ́n tó kéde lọ́jọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, àti pé nígbà tí ti Majiya ṣẹlẹ̀, ó ti kọjá 1,000 náírà. Kéègì kan á san owó iléèwé ọmọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìṣẹ́ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ wo ti Dikko dáadáa. Ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ wá kò gbé korobá wá, iṣẹ́ ló wá ṣe. Kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí oru bẹntiróòlù jẹ́ tó máa yí jẹnẹrétọ̀ síbi tí ó ti ń dà nílẹ̀. Àìmọ̀ pọ̀ níbẹ̀ ju ojúkòkòrò lọ.

Àwọn tí kò gbọ́n epo rárá ńkọ́? Lọ́jọ́ 5, oṣù Kọkànlá, ọdún 2000, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn níbí, tí kò jìnnà sí wa, táńkà kan já wọ àárín àwọn ọkọ̀ tó tò jọ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Wọ́n jóná pọ̀ nínú ọkọ̀ wọn. Lọ́jọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 2018, lórí afárá Otedola lẹ́nu ìloro Èkó, bíréèkì táńkà kan kọṣẹ́, èèyàn mẹ́sàn-án kú, ọkọ̀ tó lé ní 50 sì di eérú. Ta ni nínú wọn ló mú korobá dání? Ìrìn tiwọn ni wọ́n ń rìn lọ.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ nípa pátákó, nítorí òun ni mo rò pé ó rọrùn jù, òun náà la sì kà sí jù.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Àwọn baba wa ní àálè. Bí èèyàn kò bá fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan igi orógbó rẹ̀ tàbí ìdì igi tó kó sẹ́bàá ọ̀nà, kì í kọ ìwé. Á so ìkarahun ìgbín mọ́ ọn, tàbí àkísà pupa, tàbí ṣúkù àgbàdo. Bí o bá rí màrìwò lẹ́nu ọ̀nà igbó, o mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí ẹsẹ̀ gbogbo ń dé. Kò sẹ́ni tó ń bi ọ́ bóyá o ka ìwé mẹ́fà. Ohun tó jẹ́ kí àálè ṣiṣẹ́ ni pé ọmọdé abúlé kọ̀ọ̀kan ti kọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ kó tó dàgbà. Àálè tí ẹni tó so ó nìkan mọ̀ kì í ṣe àálè, àkísà lásán ni.

Àálè tí gbogbo ayé jọ ń lò fún ẹrù eléwu wà. Láti ọdún 1956 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń tẹ ìwé ìlànà rẹ̀ jáde. Wọ́n pín ẹrù eléwu sí ọ̀wọ́ mẹ́sàn-án: ohun abúgbàù wà lọ́wọ́ kìíní, gáàsì lọ́wọ́ kejì, ohun olómi tó tètè ń gbiná lọ́wọ́ kẹta, títí lọ dé ìkẹsàn-án. Lẹ́yìn náà, wọ́n fún ẹrù kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́rin, tó jẹ́ ọ̀kan náà ní Ìwó, ní Cotonou àti ní Tokyo. Bẹntiróòlù ni 1203. Dísù ni 1202. Kẹrosíìnì ni 1223. Gáàsì ìdáná ni 1075. Kíloríìnì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ ni 1017. Epo pupa kò ní nọ́ńbà, nítorí kò sí lára wọn.

Nílẹ̀ Yúróòpù, táńkà tó bá gbé bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ ní pátákó aláwọ̀ ọsàn níwájú àti lẹ́yìn, tí wọ́n fi dúdú gbá létí. Ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, ó ga ní 30. Nọ́ńbà méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan lórí ìkejì. 1203 wà nísàlẹ̀, ó ń sọ ohun tó wà nínú ọkọ̀. 33 wà lókè, ó ń sọ ohun tó lè fojú èèyàn rí. 3 túmọ̀ sí ohun olómi tó ń gbiná, bí wọ́n bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń tẹnu mọ́ ọn pé eléyìí burú gan-an, bí ìgbà tí àwa ń sọ pé "kíákíá" tàbí "púpọ̀púpọ̀." 30 ni ti dísù. Bí wọ́n bá fi X ṣáájú nọ́ńbà òkè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi sí i. Ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé òfin náà ní pátákó yẹn gbọ́dọ̀ ṣeé kà lẹ́yìn tó bá ti wà nínú iná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn tó kọ ọ́ mọ ìgbà tí èèyàn máa nílò rẹ̀.

Kí ni ìwúlò rẹ̀? Ká ní àwọn panápaná dé ibi ìjàǹbá. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, ó máa ń léfòó lórí rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá tú omi lásán sí i, ṣe ni omi yóò máa gbé iná náà kiri láti ojúlé dé ojúlé. Fóòmù ni wọ́n nílò. Bó bá jẹ́ gáàsì ìdáná ló ń jò, ọ̀rọ̀ ti di pé kí wọ́n kó èèyàn kúrò nítòsí kí wọ́n tó ronú iná pípa. Bó bá jẹ́ kíloríìnì, ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ ni kí èèyàn sá gbà, kó má sì sá wọ ibi kòtò, torí ìsàlẹ̀ ló máa ń gbá jọ sí. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta tí wọn ò jọra nìyẹn, ẹni tó bá sì mọ nọ́ńbà mẹ́rin yẹn lè mọ èyí tó yẹ láti òkèèrè, kó tó rìn dé ìdí ọkọ̀.

Àwa náà ti tọwọ́ bọ̀wé o. Àdéhùn tí wọ́n ń pè ní ADR, tí wọ́n ṣe ní Geneva lọ́dún 1957, ló gbé òfin pátákó yìí ró, Nàìjíríà sì dara pọ̀ mọ́ ọn lọ́dún 2018. Ṣùgbọ́n ìrìn láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn ni àdéhùn yẹn dá lé lórí; àwọn ará Yúróòpù ló mú un wọlé, tí wọ́n fi ṣe òfin ìrìn abẹ́lé wọn. Lọ́dọ̀ tiwa, abala 12 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ ọ́ gbangba pé àdéhùn tí ìjọba bá bá ilẹ̀ òkèèrè ṣe kì í di òfin níbí àfi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ bá sọ ọ́ dòfin. Òǹtẹ̀ Geneva kò lè kọjá sí Odò Orí fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn aṣòfin ni, àwa ọ̀dọ́ sì mọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ òfin bi wọ́n nígbà tó bá jẹ́ ti owó iléèwé.

Nínú àdéhùn yìí kan náà, mo rí ohun kan tó yẹ kó dùn mọ́ gbogbo àwa tí a ń kọ Yorùbá níbí. Ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fún awakọ̀ ní ìwé ìtọ́ni olójú ewé mẹ́rin, tó máa wà nítòsí ọwọ́ rẹ̀ níwájú ọkọ̀, tó ń sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Èdè wo ni kí wọ́n fi kọ ọ́? Èdè tí awakọ̀ àti ẹni tó bá a rìn lè kà kó sì yé wọn. Wọn ò ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò ní Faransé. Bí awakọ̀ bá jẹ́ ọmọ Ìwó tí Yorùbá nìkan ló ń kà, Yorùbá ni. Bó bá jẹ́ ọmọ Kano, Haúsá ni. Ẹ sọ fún mi, ibo ni ẹ ti rí òfin mìíràn tó bọ̀wọ̀ fún èdè wa tó báyìí?

Ó kan ìwé awakọ̀ fúnra rẹ̀. Láísẹ́ǹsì tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ń fún ẹni tó bá fẹ́ wa ọkọ̀ àjàgbé ni èyí tí wọ́n fi lẹ́tà G dá mọ̀. G yìí ń sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Kò sọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò àti ẹni tó ń kó bẹntiróòlù láti Ìbẹ̀jù-Lẹ́kì, lẹ́tà kan náà ló wà nínú àpò wọn. Àpò sìmẹ́ńtì á jókòó síbi tí o bá gbé e sí. Bẹntiróòlù kì í jókòó. Ẹni tó bá ti ru korobá omi láti odò rí mọ ohun tí mò ń wí: ìdajì korobá ń yọ èèyàn lẹ́nu ju èyí tó kún lọ, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń da ewé sójú omi, kó má baà máa fì. Nínú táńkà, àwọn ògiri irin tí wọ́n lu ihò sí ló ń ṣe iṣẹ́ ewé yẹn, ṣùgbọ́n wọn kì í lè ṣe é tán. Táńkà 60,000 lítà gbé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 44 omi bẹntiróòlù, bí awakọ̀ bá sì já kọ́nà pẹ̀lú eré, gbogbo rẹ̀ á rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Awakọ̀ sìmẹ́ńtì tí wọ́n gbé sórí táńkà lánàá kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ló fẹ́ fi mọ̀?

Níbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé ADR, láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá nìkan kò tó. Awakọ̀ á lọ sí ẹ̀kọ́ lórí ẹrù eléwu, á tún gba ti táńkà lọ́tọ̀, á ṣe ìdánwò, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ á sì parí lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ń wa àjàgbé ní Amẹ́ríkà náà á sọ fún yín: lẹ́tà H ni ti ẹrù eléwu, N ni ti táńkà, X ni ti méjèèjì pọ̀, wọ́n sì máa tẹ̀ka, wọ́n á yẹ ìgbésí ayé wọn wò kí wọ́n tó gba H. Kò sẹ́ni tó gbé e fún wọn torí pé wọ́n jẹ́ ọmọlúàbí.

Mi ò sọ pé ìjọba kò ṣe nǹkan kan. Àjọ NMDPRA, tí òfin epo rọ̀bì ọdún 2021 dá sílẹ̀, ti ní kí táńkà 60,000 lítà má kó epo mọ́ láti ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹta, ọdún 2025. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìyẹn, kì í ṣe ìmọ̀. Táńkà 45,000 lítà tí kò sọ ohun tó gbé, tí ẹni tó ń wà á kò sì mọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń tẹ ìdámú lọ, ó tó o jó gbogbo Odò Orí mọ́lẹ̀, kó sì kù fún abúlé kejì.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo ka àkọsílẹ̀ yìí fún kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwé tuntun kẹ̀? Owó tuntun lo bá àwọn tó dúró lójú ọ̀nà wá yẹn. 'Níbo ni H ẹ wà? Ó dáa, wá rí mi.'" Mi ò lè bá a jiyàn lórí ìyẹn, gbogbo wa la ti wọ dáńfó rí. Ṣùgbọ́n ta ló ní ojú ọ̀nà ni kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò? Gbogbo lítà bẹntiróòlù tó ń kọjá ní Ìwó ló ti gba ẹnu géètì ibi tí wọ́n ti ń rọ epo sínú táńkà kọjá, àwọn géètì náà ò sì pọ̀ níye. FRSC ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Safe-to-Load, tí wọ́n fi ń yẹ ọkọ̀ wò níbẹ̀ kó tó kó ẹrù. Ibẹ̀ ni kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí awakọ̀ àti pátákó kún: kò sí ìwé, kò sí epo. Nígbà yẹn, olówó tó ni táńkà ni ọjà rẹ̀ máa dúró, kì í ṣe awakọ̀ tó ń lágùn lóòrùn. Lónìí, bí nǹkan bá bàjẹ́, awakọ̀ là ń wá, ó sì sábà máa ń jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó kú.

Ní ti pátákó, kò nílò ọlọ́pàá kankan. Àwa la máa kà á.

Mo mọ̀ pé orí epo ni mo wà látàárọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe epo nìkan ló ń rìn lójú ọ̀nà wa. Lálẹ́ ọjọ́ 16, oṣù Kìíní, ọdún 2024, nǹkan bú gbàù ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ilé wó, èèyàn kú, gbogbo ìlú gbọ́ ọ. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pa mọ́ sínú ilé kan ládùúgbò náà. Ẹrù yẹn kò fò wá sí Bódìjà. Ọkọ̀ kan ló gbé e wá, ó gba ojú pópó, ó bá ọkọ̀ ọmọ iléèwé dúró pọ̀ nínú gosúlò, ẹnikẹ́ni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì mọ̀. Ọ̀wọ́ kìíní nìyẹn nínú mẹ́sàn-án.

Nígbà tí ìsinmi ku ọjọ́ mẹ́ta kó parí, mo ya páálí kan, mo fi máákà kọ nọ́ńbà mẹ́ta sí i: 1203 bẹntiróòlù, 1202 dísù, 1223 kẹrosíìnì. Mo kọ 122 ti FRSC àti 112 ti pàjáwìrì sísàlẹ̀. Mo gbé e lọ fún Ìyá Alákàrà, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ó ní èwo ni ti òun nínú ẹ̀. Mo ní epo pupa kò ní nọ́ńbà. Inú ẹ̀ dùn sí ìyẹn. Ó ní kí n gbé páálí náà kọ́ sára òpó, kí n sì jókòó ti òun ká jọ wò ó bóyá òótọ́ ni mò ń sọ.

A jókòó títí àkàrà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Táńkà mọ́kànlá ló kọjá. Mẹ́sàn-án ní àkọlé ọ̀dà nìkan. Ọ̀kan ní àmì pupa onígunmẹ́rin tí wọ́n ya iná sí, láìsí nọ́ńbà. Èyí tó kẹ́yìn ní pátákó aláwọ̀ ọsàn gidi lẹ́yìn, ó sì rọra tẹ́ṣẹ̀ dúró níwájú wa nítorí àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá. Ìyá Alákàrà fi ṣíbí àkàrà nà án sí mi, ó ní, "Èwo nìyẹn?"

Eruku ti bo nọ́ńbà òkè. Ní ti ìsàlẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti bó. Mo ka 1, mo ka 2, mo ka 0. Èyí tó kù kò ṣeé kà mọ́.

Mo ní, "Mà, ó lè jẹ́ dísù. Ó sì lè jẹ́ bẹntiróòlù."

Kò sọ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa igi méjèèjì jáde nínú ààrò, ó sì da iyanrìn bò wọ́n.